Bí A Ṣe Ń Fi Òòfà Tí Sátẹ́láìtì Wọ̀n Ka Ìsàlẹ̀ Òkun, Láti Ọ̀gbun Romanche Títí Dé Etíkun Wa

Lójú ẹni tó dúró sétí òkun ní Bàdágrì tàbí ní Kútọnu, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò tẹ́ rárá. Bí a bá yọ ìgbì, ìṣàn omi àti kíkún òun fífà òkun kúrò, a ó rí i pé ojú omi ní gegele àti kòtò tirẹ̀. Bí òkè kan tó ga ní 2,000 mítà bá fara pamọ́ sábẹ́ omi, òkúta rẹ̀ wúwo ju omi tí ìbá wà láyè rẹ̀ lọ, ó sì ń fa omi mọ́ra láti ọ̀tún àti òsì títí ojú òkun tó wà lókè rẹ̀ á fi wú tó mítà 2. Wíwú náà fẹ̀ tó 40 kìlómítà, ìdí nìyẹn tí atukọ̀ tó ń kọjá lórí rẹ̀ kò fi lè fura. Sátẹ́láìtì ló ń fura. Agbára tí ohun tó wúwo fi ń fa nǹkan mọ́ra yìí (gravity) ni mo ń pè ní òòfà, kì í ṣe ti mágnẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, fún olùkọ́, àti fún ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì tó sì fẹ́ fi dátà ọ̀fẹ́ wo bí awẹ́ ilẹ̀ ṣe pínyà lábẹ́ òkun. Awẹ́ ilẹ̀ ni mo pè é nítorí pé èèpo ayé pín bí obì ṣe ń pín, tí etí awẹ́ kan ń bá etí èkejì mu. Kìkì pé awẹ́ ti ilẹ̀ kì í dúró lójú kan: ó ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Apá ibi tí a ó ti ṣiṣẹ́ ni agbami Guinea, níbi tí Áfíríkà àti Brazil ti já ara wọn sílẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Yíyapa náà kò lọ geere. Ó fi àwọn ìlà gígùn sílẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti fàya lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́, tí apá kan ń kọjá lára èkejì. Ìlà ìfàya ni n ó máa pè wọ́n. Romanche, Chain àti Charcot ni àwọn tó kàn wá jù, nítorí pé orí etíkun tiwa ni wọ́n forí lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí sátẹ́láìtì wọ̀n gan-an

Sátẹ́láìtì tí a ń sọ yìí kì í wọn òòfà ní tààràtà. Ó ń ju ìgbì rédà sílẹ̀ láti ibi tó ga tó 700 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbì náà á kan ojú omi, á sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àsìkò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni a fi ń mọ bí omi ṣe jìnnà sí i tó, bí a bá sì mọ ibi tí sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ wà lójú ọ̀run, a ti mọ gíga ojú omi nìyẹn. Láti inú gíga yìí ni a ti ń yọ bí ojú omi ṣe dàgẹ̀rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, torí pé ìdàgẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ bí òòfà ṣe pọ̀ tó.

Ìwọ̀n kan wà tó yẹ kí ẹ há sórí: bí ojú òkun bá gbé sókè ní mìlímítà 1 láàárín kìlómítà 1, ìyẹn tó nǹkan bíi míligáàlì 1. Míligáàlì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn òòfà. Òòfà tó so gbogbo wa mọ́lẹ̀ tó nǹkan bíi 980,000 míligáàlì, nítorí náà ẹyọ kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ohun tó sì máa ń wà nínú fáìlì tí ẹ ó gbà kì í ṣe odindi òòfà. Wọ́n ti yọ òòfà tí ayé ìbá ní ká ní ara rẹ̀ dán bí èèpo ẹyin, láìsí òkè, láìsí ọ̀gbun. Èyí tó ṣẹ́ kù, yálà ó lé tàbí ó dín, ni mo ń pè ní ìyàtọ̀ òòfà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mú sátẹ́láìtì tó bá iṣẹ́ mu

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, èmi náà sì ṣìnà níbẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn sátẹ́láìtì méjì kan tí wọ́n ń jẹ́ GRACE, tí wọ́n gbé lọ sókè lọ́dún 2002, ń wọn òòfà ayé, mo sì sáré lọ gba dátà wọn. Àwòrán tó jáde rí bí ẹ̀kọ tí kò dì: àwọ̀ pupa kan ràbàtà, àwọ̀ búlúù kan ràbàtà, kò sí ìlà, kò sí òkè. Ẹ̀bi GRACE kọ́. Wọ́n ṣe é láti máa wo bí omi àti yìnyín ayé ṣe ń pọ̀ tí wọ́n ń dín láti oṣù dé oṣù, ohun tí kò bá sì fẹ̀ tó nǹkan bí 300 kìlómítà kì í hàn sí i dáadáa. GOCE, tó ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 2009 sí 2013, fò nísàlẹ̀ ju GRACE lọ, ó sì lè rí ohun tó fẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ọ̀gbun ìlà ìfàya kan lè má fẹ̀ ju 20 tàbí 30 kìlómítà lọ. Iṣẹ́ tiwa, rédà tó ń wọn gíga ojú omi ló lè ṣe é.

Ìtàn àwọn rédà wọ̀nyí kò gùn púpọ̀. Seasat lọ sókè lọ́dún 1978, ó sì kú láàárín oṣù mélòó kan, síbẹ̀ dátà kékeré tó fi sílẹ̀ tó láti jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí àwọn ìlà ìfàya ní àwọn ibi tí ọkọ̀ kankan kò tíì kọjá. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé Geosat lọ lọ́dún 1985, wọ́n sì ti dátà tó dára jù nínú rẹ̀ mọ́nú àpótí títí di ọdún 1995, lẹ́yìn tí ERS-1 ti àwọn ará Yúróòpù ti wọn irú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1997, David Sandwell ti ilé ìwádìí Scripps ní Kalifóníà àti Walter Smith gbé àwòrán òòfà àti jíjìn òkun jáde fún èyí tó pọ̀ jù nínú òkun ayé. Lẹ́yìn náà ni CryoSat-2 lọ sókè lọ́dún 2010, tí Jason-1 náà sì fi ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, láti 2012 sí 2013, rìn ní ọ̀nà tí kò rìn rí. Àpapọ̀ gbogbo wọn ló wà nínú fáìlì tí a fẹ́ lò, ẹ kò sì ní láti to dátà sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan jọ fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gbé irinṣẹ́ àti dátà sílẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya máàpù ni GMT. Ọ̀fẹ́ ni. Walter Smith tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yìí wà lára àwọn méjì tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988, ẹnì kejì rẹ̀ sì ni Paul Wessel. Bí ẹ bá ti ní conda, ètò tó ń gbé ètò mìíràn sórí kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà yín, ìlà kan yìí ti tó:

conda install gmt -c conda-forge

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn GMT ni pé kò béèrè kí ẹ wá fáìlì kiri. Bí ẹ bá kọ @earth_faa_01m sínú àṣẹ, yóò lọ mú ìyàtọ̀ òòfà wá fúnra rẹ̀ látinú àkójọ Scripps, ní ìwọ̀n ìdá kan nínú 60 dìgírì, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kìlómítà 1.85 lágbègbè tiwa. Ègé tó kan ibi tí ẹ ń wò nìkan ló máa ń gbé wá, ẹni tó ń ra dátà íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù mọ ìdí tí mo fi mẹ́nu ba èyí. Ẹ gé apá tiwa sílẹ̀, kí ẹ má bàa máa padà lọ gbà á lójoojúmọ́:

gmt grdcut @earth_faa_01m -R-20/10/-6/8 -Gfaa.nc

Nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé -R ni ààlà: 20 dìgírì ìwọ̀-oòrùn, 10 dìgírì ìlà-oòrùn, 6 dìgírì gúúsù, 8 dìgírì àríwá. Àmì ìyọkúrò ló dúró fún ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Mo mọ ẹnì kan tó gbàgbé àmì yẹn, tó sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá ọ̀gbun Romanche láàárín ilẹ̀ Kóńgò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya máàpù àkọ́kọ́, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín yan ìwọ̀n àwọ̀

gmt begin guinea png
gmt makecpt -Cpolar -T-60/60
gmt grdimage faa.nc -JM18c -I+d
gmt coast -Ggray -W0.3p -Ba5
gmt colorbar -Ba20
gmt end show

Àṣẹ makecpt ni kí ẹ fiyè sí jù. Bí ẹ kò bá sọ pé àwọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá láti 60 nísàlẹ̀ sí 60 lókè, kọ̀ǹpútà á na àwọ̀ dé ibi tí nọ́ńbà tó tóbi jù dé, èyí tó máa ń jẹ́ erékùṣù òkè ayọnáyèéfín bíi Bioko tàbí São Tomé, gbogbo ohun tó kù nínú òkun á sì ṣì fẹ́ẹ́ bí aṣọ tó ti pẹ́ lóòrùn. Àṣẹ coast ló fi àwọ̀ eérú bo ilẹ̀ gbígbẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni, nítorí pé rédà ojú omi kò wọn nǹkan kan lórí ilẹ̀, ibòmíràn ni nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ti wá.

Bí àwòrán náà bá jáde, ẹ má tíì dárúkọ ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láti òkèèrè. Ẹ ó rí àwọn ìlà tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù lọ sí ìlà-oòrùn àríwá, pupa àti búlúù tó ń tẹ̀lé ara wọn bí ìlà aṣọ òfì. Èyí tó ń kọjú sí etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire ni Romanche. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó forí lé Nàìjíríà, ni Chain. Charcot wà ní gúúsù Chain. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni méjì àkọ́kọ́: La Romanche ni ọkọ̀ Faransé tó sọ okùn ìwọ̀n sínú ọ̀gbun náà lọ́dún 1883, Chain sì jẹ́ ọkọ̀ ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà. Jíjìn ọ̀gbun Romanche lé ní 7,700 mítà.

Oríire kan wà fún wa níhìn-ín tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn òkun mìíràn kò ní. Ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń rìn láti òpó ayé kan sí èkejì, ìyẹn ni pé nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, àríwá sí gúúsù ni ipa ẹsẹ̀ wọn. Ìlà ìfàya tiwa sì nà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ńṣe ni sátẹ́láìtì ń gé e kọjá ní ìbú. Àwọn òkè kéékèèké tó tò láti àríwá sí gúúsù ni a kì í rí dáadáa, nítorí ẹ̀gbẹ́ wọn ni sátẹ́láìtì ń gbà lọ. Bí ẹ kò bá rí wọn nínú àwòrán, ìyẹn kò sọ pé wọn kò sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yọ ìlà jáde

Nínú ìyàtọ̀ òòfà, ohun ńlá ń bo ohun kékeré mọ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tú wọn sílẹ̀. Èkíní ni kí ẹ ro nǹkan ńlá pọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò:

gmt grdfilter faa.nc -D4 -Fg300 -Gnla.nc
gmt grdmath faa.nc nla.nc SUB = kekere.nc

Èkejì, tí mo fẹ́ràn jù fún ìlà ìfàya, ni kí ẹ lo ìdàgẹ̀rẹ̀ òòfà, ìyẹn bí òòfà ṣe ń yí padà bí a ṣe ń gòkè. Orúkọ rẹ̀ nínú GMT ni @earth_vgg_01m. Ẹ fi orúkọ yìí rọ́pò faa.nc nínú àṣẹ máàpù, kí ẹ fi -R-20/10/-6/8 kún ìlà grdimage, kí ẹ sì yí àwọ̀ sí -T-30/30, nítorí pé òṣùwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀: Eötvös ni wọ́n ń pè é. Ìlà á wá mú bí ìgbà tí a fi abẹ là á. Dátà yìí ni Sandwell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò lọ́dún 2014 tí wọ́n fi rí òkè àárín òkun kan (ibi tí ilẹ̀ tuntun ti máa ń jáde) tó ti kú, tí ẹrẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá, nínú agbami Mexico.

Àmọ́ ohun tó ń mú kí ìlà mú ló ń mú kí ariwo, ìyẹn àṣìṣe inú ìwọ̀n tí kì í ṣe ti ilẹ̀, pọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó rí ṣákaṣàka, tí kò ní orí tí kò ní ìdí, tí kò tẹ̀ lé ohunkóhun nínú faa.nc, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlà tòótọ́ gbọdọ̀ gùn, ó sì gbọdọ̀ hàn nínú méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gé òkun ní ìbú

Máàpù ń sọ ibi tí nǹkan wà, kò sì sọ bó ṣe rí nínú. Ẹ fa ìlà kan kọjá lórí Romanche àti Chain ní 10 dìgírì ìwọ̀-oòrùn, láti 4 dìgírì àríwá dé 4 dìgírì gúúsù, kí ẹ sì kà á ní kìlómítà méjì-méjì:

gmt project -C-10/4 -E-10/-4 -G2 -Q > ila.txt
gmt grdtrack ila.txt -G@earth_faa_01m -G@earth_relief_01m > gige.txt

Fáìlì gige.txt á ní òpó márùn-ún: ibi tí a wà láàárín ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ibi tí a wà láàárín àríwá àti gúúsù, jíjìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ òòfà, àti jíjìn ìsàlẹ̀ òkun. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 890 kìlómítà. Ẹ yà á sórí ìwé, òòfà lókè, jíjìn nísàlẹ̀, kí ẹ sì mú pẹ́ńsùlù.

Ohun tí ẹ ó wá níhìn-ín ni àtẹ̀gùn, ìyẹn ibi tí ìsàlẹ̀ òkun ti ga lápá kan ìlà, tó sì rẹlẹ̀ lápá kejì. Òkè àárín Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ilẹ̀ tuntun ti ń jáde, kò lọ tààrà lágbègbè yìí. Romanche gé e, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bí 900 kìlómítà. Ilẹ̀ apá kan níbẹ̀ ń sún kúrò lára òkè ní nǹkan bíi kìlómítà 17 láàárín mílíọ̀nù ọdún kan. Ẹ fi 17 pín 900, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ tó wà ní àríwá ìlà náà fi nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún dàgbà ju èyí tó wà ní gúúsù rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ òkun sì ń rì bó ṣe ń dàgbà, nítorí ó ń tutù. Òfin tí Parsons àti Sclater gbé jáde lọ́dún 1977 sọ pé jíjìn rẹ̀ ní mítà jẹ́ 2,500 pẹ̀lú 350 tí a fi gbòǹgbò ọjọ́ orí rẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún sọ di púpọ̀, bí ọjọ́ orí náà kò bá tíì kọjá nǹkan bí 70. Níbi tí òkè tuntun ti forí sọ ilẹ̀ tó ti tó 50 mílíọ̀nù ọdún, àtẹ̀gùn náà ga tó 2,475 mítà. Ní 10 dìgírì ìwọ̀-oòrùn tí a gé yìí, apá méjèèjì ti dàgbà, àtẹ̀gùn náà sì ti kéré sí i, ṣùgbọ́n láti àríwá sí gúúsù, ọjọ́ orí ilẹ̀ ṣì ń já wálẹ̀ bí a bá ti ń kọjá ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣírò kí ẹ tó gbàgbọ́

Òkúta èèpo òkun wúwo tó 2.8 gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, omi òkun sì wúwo tó 1.03. Ìyàtọ̀ wọn ni 1.77. Bí a bá tẹ́ òkúta sílẹ̀ bí ẹní dípò omi, mítà 1 rẹ̀ ń mú òòfà pọ̀ sí i ní 0.074 míligáàlì, 1,000 mítà sì ń mú 74 wá. Ẹ wá fi èyí wo àtẹ̀gùn 2,475 mítà tí a ṣírò: ó yẹ kó mú nǹkan bí 183 míligáàlì wá. Ẹ wo òòfà tó wà ní ọ̀ọ́kán síbẹ̀ nínú dátà, kì í sún mọ́ iye yẹn. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rí ní ọ̀sà yóò yára lóye ìdáhùn rẹ̀. Ọkọ̀ tí a kó ẹrù sí rì sínú omi, èyí tí kò ní ẹrù léfòó, ṣùgbọ́n omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ju ìwọ̀n tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ rí. Ilẹ̀ tuntun ga nítorí pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbóná, ó sì fúyẹ́. Ilẹ̀ àtijọ́ rì nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ti tutù, ó sì wúwo. Gíga tòkè àti fífúyẹ́ tìsàlẹ̀ pa ara wọn rẹ́, òòfà ojú omi kò sì rí ju ìwọ̀nba lọ. Ojú ààlà gan-an, níbi tí ilẹ̀ méjèèjì ti kan ara wọn, ni wọn kò ti pa ara wọn rẹ́ tán, ibẹ̀ náà sì ni òòfà ti ń fò sókè lápá kan, tó ń já wálẹ̀ lápá kejì. Ìdí tí ìlà ìfàya fi ń hàn bí ìlà nìyẹn, tí kò hàn bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ méjì tí gíga wọn yàtọ̀. Àwọn tó bá ka nọ́ńbà òòfà bí ẹni pé jíjìn ni á máa ṣe àṣìṣe níhìn-ín títí láé.

Ìṣírò kejì jẹ mọ́ jíjìn omi. Òòfà ohun kékeré ń kú kó tó dé òkè. Nínú omi tó jìn ní kìlómítà 4, bí òkè àti àfonífojì bá ń tẹ̀léra ní kìlómítà 40 síra, nǹkan bí ìdajì òòfà wọn ló ń dé ojú omi. Bó bá jẹ́ kìlómítà 16 síra, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Bó bá jẹ́ kìlómítà 8, kò ju 4 nínú 100 lọ. Nítorí náà, bí fáìlì yín tilẹ̀ ní nọ́ńbà ní gbogbo kìlómítà méjì, ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ rí ohun tó fẹ̀ ní kìlómítà méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá

Èyí ni ìtìjú mi tó tóbi jù. Mo gbé àwòrán òòfà àti àwòrán jíjìn òkun ka iwájú àwọn olùkọ́, mo sì fi ìdùnnú sọ pé ẹ wo bí wọ́n ṣe bá ara wọn mu, òkè sí òkè, ọ̀gbun sí ọ̀gbun. Àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Jíjìn yẹn, ta ló wọ̀n ọ́n?" Mo dákẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìsàlẹ̀ òkun ayé ni ọkọ̀ ti fi ohun èlò ìgbàlódé wọ̀n. Níbi tí ọkọ̀ kò dé, inú òòfà gan-an ni wọ́n ti méfò jíjìn náà. Ẹlẹ́rìí méjì tí mo pè jáde, inú ilé kan náà ni wọ́n sùn mọ́jú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba GEBCO, àkójọ jíjìn òkun gbogbo ayé, pọ̀ mọ́ fáìlì kejì rẹ̀ tó ń jẹ́ TID, èyí tó ń sọ ní ibì kọ̀ọ̀kan bóyá ọkọ̀ ló wọ̀n ọ́n tàbí òòfà ni wọ́n fi méfò rẹ̀. Ẹ ya ìlà gígé yín, kí ẹ sì kun ibi tí ọkọ̀ ti wọ̀n ọ́n ní dúdú. Ibi dúdú nìkan ni ẹ ti lè fi jíjìn jẹ́rìí sí òòfà.

Ẹlẹ́rìí tó dá dúró gedegbe ni ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ USGS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì dà á sórí máàpù yín pẹ̀lú àṣẹ gmt plot. Ohun tí ẹ ó rí wú mi lórí nígbà àkọ́kọ́, ó ṣì ń wú mi lórí: àwọn àmì náà á tò sórí Romanche láàárín orí òkè àárín òkun méjèèjì, fún nǹkan bí 900 kìlómítà, wọ́n á sì dáwọ́ dúró lójijì, bẹ́ẹ̀ ìlà òòfà ṣì ń bá a lọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà títí dé etíkun. Ibi tí àmì wà ni ìfàya ti ń rìn lónìí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì tìtì ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2016, tí agbára rẹ̀ tó 7.1 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀. Ibi tí àmì kò sí ni ojú àpá: ó rìn nígbà kan rí, ó ti sinmi. Òòfà kò lè fúnra rẹ̀ ya alààyè sọ́tọ̀ kúrò lára òkú, ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń yà wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí ilẹ̀, @earth_age_01m. Ẹ lò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra. Lọ́pọ̀ òkun, àwọn ìlà mágnẹ́ẹ̀tì tó wà nínú òkúta ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n nítòsí ìlà agbedeméjì ayé níbi tí òkè àárín òkun ti nà láti àríwá sí gúúsù, àwọn ìlà náà kì í hàn ketekete. Ilẹ̀ tó sún mọ́ etíkun wa sì tún jẹ́ ti ìgbà kan, láti nǹkan bí 121 sí 83 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí mágnẹ́ẹ̀tì ayé kò yí padà rárá, kò sì sí ìlà tí a lè kà níbẹ̀. Nítorí náà, níhìn-ín, ipa àwọn ìlà ìfàya inú òòfà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò bí Áfíríkà ṣe rìn kúrò lára Brazil. Bí ẹ bá tẹ̀ lé Romanche padà sí ìwọ̀-oòrùn, iwájú etíkun Ceará ló máa gbé yín dé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ rọra nítòsí etíkun

Gbogbo ẹni tó wá láti ọ̀dọ̀ wa ló máa ń fẹ́ fa ìlà Chain wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ìrọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pàápàá sọ pé ìlà kan tí wọ́n ń pè ní Benin Hinge Line, tó ya ilẹ̀ Okitipupa sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ẹnu odò Ọya, ni Chain gbà wọ ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òòfà sátẹ́láìtì nìkan ni ẹ ó fi sọ ọ́, nítorí ohun mẹ́ta.

Bí rédà bá ti ku kìlómítà díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ìgbì tó padà láti orí ilẹ̀ máa ń dà pọ̀ mọ́ ti omi, nọ́ńbà á sì bàjẹ́. Ibi tí ìsàlẹ̀ òkun ti já láti omi tí kò jìn sínú ibú pẹ̀lú máa ń fa ìlà pupa kan pẹ̀lú ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo etíkun ayé, láìsí ìfàya kankan níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé ó ń tẹ̀ lé etíkun bí etíkun ṣe ń yí, nígbà tí ìlà ìfàya ń gé etíkun dábùú. Ẹ̀kẹta ló le jù: odò Ọya ti da ẹrẹ̀ àti iyanrìn sí ẹnu rẹ̀ tó nípọn tó kìlómítà 10 níbi tó pọ̀ jù. Lábẹ́ ẹrù yìí, ilẹ̀ òkun ti tẹ̀ wọ inú bí ibùsùn lábẹ́ ẹni tó sanra, ìlà ìfàya ti jìnnà sí ojú omi, òòfà rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà níbẹ̀ tó ń bá ìlà tòkun jíjìn lọ ní tààrà, ẹ fi ìlà onídàásí yà á. Àwọn ilé iṣẹ́ epo tó ń fi ìró wo abẹ́ ilẹ̀ ló ní ẹ̀rí tó lè sọ ọ́ di ìlà gidi.

Ohun kan ṣẹ́ kù tó kan ọjọ́ tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà àti Faransé gbé SWOT lọ sókè. Rédà àtijọ́ ń wo ojú ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ ara rẹ̀, SWOT ní eríàlì méjì tó fi mítà 10 jìnnà síra, ó sì ń wo òkun ní fífẹ̀ tó 120 kìlómítà, àyàfi àlàfo tóóró kan láàárín. Ìwádìí tí Yu, Sandwell àti Dibarboure gbé jáde lọ́dún 2024 fi hàn pé dátà ọdún kan péré láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń fi ohun tó kéré hàn ju ọgbọ̀n ọdún àwọn rédà àtijọ́ lọ, títí kan àwọn òkè kéékèèké tó tò láti àríwá sí gúúsù tí mo ní a kì í rí. Nítorí náà, fáìlì tí GMT ń gbé wá yóò máa yí padà. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá gbà á, ẹ pa àṣẹ yìí:

gmt grdinfo faa.nc

Ẹ kọ ohun tó bá sọ nípa ibi tí dátà ti wá, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbà á, sí igun máàpù yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tún ila.txt kan náà gé lórí fáìlì tuntun, kí ẹ sì gbé gígé méjèèjì lé ara wọn.